Ta Ni A Ń Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́ Fún?

Nígbà tí ènìyàn bá kọ́ ilé tán, tí ó ti bò ó, tí ó sì ti ṣe ilẹ̀kùn sí i, ọ̀ràn kan a kù tí púpọ̀ nínú wa kà sí ọ̀ràn kékeré. Irú ọ̀dà wo ni a ó fi kun ògiri? Níbo ni a ó gbé àga àti tábìlì sí? Ǹjẹ́ ó yẹ kí ilé ìdáná wà ní ìkọ̀kọ̀, tàbí kí a yọ ògiri kúrò láàárín rẹ̀ àti yàrá tí a ń jókòó sí? Àwọn kan wí pé ọ̀ràn owó ni èyí. Àwọn mìíràn wí pé ọ̀ràn ojú ni, pé ohun tí ó bá wu olúkúlùkù ni kí ó ṣe. Àwa kò sẹ́ pé owó àti ojú ní ohun tí wọn yóò sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé ọ̀ràn ìwà ni pẹ̀lú, àti pé ẹni tí ó ń yan ọ̀dà ń yan ohun mìíràn mọ́ ọn láìfura. Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Kí a má ba à dà bí ẹni tí ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, a ó kọ́kọ́ sọ ti ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí owó àjọ tí a ń dá bọ́ sí wa lọ́wọ́, a pinnu láti tún ilé wa ṣe. Pálọ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. A kun ògiri rẹ̀. A ra aṣọ fèrèsé titun. A ra àga tí tìmùtìmù rẹ̀ pupa bí osùn. A sì to àwo tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Nígbà tí a ó fi ṣe èyí tán, owó ti tán. Ilé ìdáná sì wà bí ó ti wà. Fèrèsé kan ṣoṣo tí ó ní kò tóbi ju síléètì ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ògiri rẹ̀ dúdú fún èéfín, ààrò sì wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń dáná fi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títí dé òpin rẹ̀.

Àwọn àlejò wá, wọ́n wo pálọ̀ wa, wọ́n sì yìn wá. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń gba ìyìn náà lọ́wọ́, ikọ́ dún láti ẹ̀yìnkùlé, ó dún títí, kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà bèèrè pé, "Ta ni ń wúkọ́ báyìí?" Ojú tì wá láti dáhùn. Ìyá wa ni, ó ń se oúnjẹ tí a fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé: ta ni a ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún? Ṣé àlejò tí yóò jókòó fún wákàtí kan ni, tàbí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́? Àwọn àgbà wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú ilé gan-an, níbo ni òun yóò bọ̀ sí láti sinmi?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí láàárín àwọn bàbá wa. Ní agbo ilé àtijọ́, àwọn yàrá a máa yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì máa wà níwájú wọn. Yàrá kò tóbi, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni a fi í ṣe. Ní gbangba, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ní àgbàlá, ni a ti ń gba àlejò, tí a ti ń ran òwú, tí a ti ń parí ìjà, tí a sì ti ń pa àlọ́. Níbẹ̀ náà, tàbí ní igun kan tí kò jìnnà sí i, ni ààrò wà. Ẹni tí ń ro ọkà lórí iná a máa gbọ́ ohun tí à ń sọ, a sì máa dá sí i. Ọmọ tí ń rákò wà lójú rẹ̀. Èéfín sì ń bá tirẹ̀ lọ sí ojú ọ̀run. A kò wí pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Nígbà òjò, tí a bá gbé ààrò wọ abẹ́ òrùlé, omijé a máa bọ́ lójú ẹni tí ń fẹ́ iná. Síbẹ̀, a kò ya ẹni tí ń dáná nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí yóò jẹun. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ilé ìgbàlódé tí ilé ìdáná àti yàrá ìjókòó rẹ̀ kò ní ògiri láàárín, kí a má ṣe pè é ní ohun àjèjì pátápátá. Ohun tí ó jẹ́ titun nínú rẹ̀ ni òrùlé kan ṣoṣo tí ó bo méjèèjì. A ó padà sí ọ̀rọ̀ òrùlé yìí.

Àwọn bàbá wa kò sì kẹ́gàn ọ̀ṣọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, a ti rí ilẹ̀ àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a to àpáàdì náà ní òró, ọ̀kan ti ọ̀kan, bí egungun ẹja. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1400 ni a ṣe púpọ̀ nínú wọn, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Ẹ kíyèsí ohun tí àpáàdì jẹ́. Ìkòkò tí ó fọ́ ni. Ohun tí àwa ìbá dà sí ààtàn, òun ni wọ́n fi ṣe àgbàlá lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀ṣọ́ náà sì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òjò kò lè sọ ilẹ̀ náà di ẹrẹ̀, ẹni tí ó ru omi kò sì ní yọ̀ ṣubú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ọdún 1910 sí ọdún 1914, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. British Museum ni ó sì wà títí di òní. Ènìyàn a máa wo òpó Ọlọ́wẹ̀ títí kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, síbẹ̀ òpó ni, a gbẹ́ ẹ kí ó lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Ọ̀ṣọ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo wá ni a ti ṣe dé ibi tí pálọ̀ fi ń dán tí ilé ìdáná sì ṣókùnkùn? Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a dé ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba padà bọ̀ sí Èkó mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí ó dára gidigidi wá. Wọ́n kọ́ ilé tí iwájú rẹ̀ kọjú sí òpópónà, wọ́n fi àmọ̀ àti símẹ́ǹtì ṣe òdòdó sí orí fèrèsé, wọ́n sì fi pálọ̀ sí ibi tí àlejò yóò kọ́kọ́ dé. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, nínú àgbàlá. A kò bú àwọn Àgùdà. Ilé wọn jẹ́ ẹwà ìlú, àgbàlá wọn sì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wo àwòkọ́ṣe wọn, iwájú ilé nìkan ni púpọ̀ nínú wa wò. A kọ́ bí a ti ń fi ojú ilé han ìlú, a sì gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì wọ́n ní ìgboro, a fi ògiri dí àgbàlá, ilé ìdáná sì di ihò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìṣòro yìí ti wáyé. Ní ọdún 1926, ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kan fún ilé àwọn òṣìṣẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tàbí òdòdó. Ìṣísẹ̀ ẹni tí ń dáná ni ó wò: ìgbà mélòó ni ó ń lọ láti ibi iná sí ibi omi, àti láti ibi omi sí ibi àwo. Ó kó ohun gbogbo súnmọ́ ara wọn nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 3.4, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.9. Ó fi tábìlì iṣẹ́ sí abẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i, ó sì fi àpótí ìjókòó síbẹ̀ kí ẹni tí ń gé ẹ̀fọ́ lè jókòó. A ṣe irú rẹ̀ tí ó tó 10,000 sí àwọn ilé ìlú náà.

Iṣẹ́ rere ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Yàrá náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ kò lè dúró ti ìyá rẹ̀ kí ó kọ́ bí a ti ń se ọbẹ̀. Ọkọ kò sì rí àyè ran aya rẹ̀ lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ fẹ́. Ara obìnrin náà sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bóyá nítorí irú èyí ni àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ògiri kúrò. Ní ọdún 1937, ní Madison ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé kan tí Frank Lloyd Wright yà fún ìdílé Jacobs parí, nínú èyí tí ilé ìdáná ti ṣí sí ibi ìjẹun àti ibi ìjókòó, nítorí pé ìdílé tí kò ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní gbogbo ayé báyìí, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó àti ní Ìbàdàn.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ṣé kí gbogbo wa gbé òòlù kí a wó ògiri ilé ìdáná ni? Àwọn àgbà wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ìpinnu wa jókòó lé bí ìkòkò ti ń jókòó lórí ààrò mẹ́ta. Bí a bá yọ ọ̀kan, ọbẹ̀ yóò dànù.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé: iṣẹ́ kí ni a ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ tiwa kì í ṣe oúnjẹ ìlú Madison. A ń dín ata nínú epo pupa, a ń gún iyán, a ń fi irú sí ọbẹ̀, ẹlòmíràn sì ń fi igi dáná títí di òní. Àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run lè gba gbogbo èyí. Yàrá tí òrùlé àti àjà bò kò lè gbà á bí kò bá ní fèrèsé tí ó tó. Ẹni tí ó bá wó ògiri láì kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún èéfín, kò ṣe ju pé ó pín ikọ́ kárí ilé lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ tí èéfín ìdáná bàjẹ́ nínú ilé pa ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ní gbogbo ayé. Nítorí náà fèrèsé ṣáájú ọ̀dà, ibi tí iná yóò wà sì ṣáájú ibi tí àwòrán yóò wà. Ọ̀dà funfun nínú ilé ìdáná dára, nítorí pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ó bá yára dúdú, kí a má ṣe bínú sí ọ̀dà náà. Ó ń jẹ́rìí fún wa nípa ohun tí ń wọ inú àyà ẹni tí ń dáná.

Ìbéèrè kejì ni pé: ta ni ń ṣe iṣẹ́ náà, ǹjẹ́ a sì ti bi í? Ohun ìyanu ni pé ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ni yóò bá káfíńtà jókòó, tí yóò sì pinnu bí pẹpẹ ilé ìdáná yóò ti ga tó. Lẹ́yìn náà, ẹni tí kò ga yóò máa gun àpótí láti mú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtọ́jú. A ra aṣọ funfun bo àga. Ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ wa ni ó ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Ọ̀ṣọ́ tí ẹnì kan ń gba ìyìn rẹ̀ tí ẹlòmíràn sì ń làágùn rẹ̀, kí a wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó rà á.

Ìbéèrè kẹta ni pé: mélòó ni agbára wa mọ? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Olùkọ́ tí ó yá owó láti fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní sùn dáadáa lórí ilẹ̀ dídán náà. Ìwọ̀n kì í sì ṣe ìtìjú. Àpáàdì kò wọ́n. Síbẹ̀ àgbàlá Ifẹ̀ ń bẹ tí a ń wò ó.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ǹjẹ́ kò yẹ kí a bọlá fún àlejò?" Ó yẹ púpọ̀. Àlejò tí ó bá dà bí òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀, ilé tí kò sì ní ibi tí àlejò yóò jókòó kò tíì pé. Ṣùgbọ́n àlejò rere kò ní fẹ́ kí a fi ìlera ìyá wa ra àga tí òun yóò jókòó sí. Bí ó bá mọ iye tí àga náà ná wa, yóò dìde lórí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé àwa fẹ́ sọ ẹwà di ẹrú iṣẹ́, bí ẹni pé ohun tí kò wúlò kò yẹ kí ó wà nínú ilé. Rárá o. Ojú ń jẹun bí ẹnu ti ń jẹun. Òdòdó nínú agolo kò se ọbẹ̀, síbẹ̀ inú wa a máa dùn láti rí i. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ń dáná ní ojú pẹ̀lú. Èéṣe tí gbogbo òdòdó fi wà ní pálọ̀? Bí a bá gbà pé ẹwà dára fún ènìyàn, ẹni tí ó pẹ́ jù nínú ilé ni ó tọ́ sí jù.

Nígbà tí àjọ tún kàn wá, a kọ́kọ́ lọ jókòó ti ìyá wa. A ti rí àwòrán ilé tí kò ní ògiri láàárín, a sì ti múra láti wó tiwa. A rò pé yóò dùn mọ́ ọn. Ìyá wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá ń dín ata, gbogbo yín ni yóò máa sín, ẹ̀yin àti àlejò yín." Ohun mẹ́ta péré ni ó bèèrè: fèrèsé tí ó tóbi, tábìlì tí ó ga dé ìbàdí rẹ̀, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́, àti kí òun lè máa rí ẹni tí ó wọlé, nítorí pé, ó ní, "A kì í sọ fún mi pé ẹnì kan wá, àfi lẹ́yìn tí ó bá ti lọ." A ti bá ìyá wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà a kò wó ògiri. A gé ojú kan sí i, tí ó tó fèrèsé ńlá, a sì ṣe ilẹ̀kùn pákó sí i tí a lè tì nígbà tí ata bá wà lórí iná, kí a sì tún ṣí i nígbà tí ó bá kúrò. A fọ́ fèrèsé mìíràn sí ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. A gbé sítóòfù gáàsì sí abẹ́ rẹ̀, a kun ògiri ní funfun, ìyá wa fúnra rẹ̀ sì mú ògbólógbòó aṣọ àdìrẹ rẹ̀ kan, ó fi ṣe aṣọ fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ kò ná wa tó àga pupa nì. Ikọ́ náà kò lọ pátápátá, nítorí pé ó ti pẹ́ kí a tó dá a dúró, ẹ̀bi wa sì ni. Ṣùgbọ́n ó dínkù. Nísinsìnyí, bí àlejò bá dé, ìyá wa ni ó ń kọ́kọ́ kí i láti ojú ògiri náà, a sì ti ṣe àkíyèsí pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fa àga sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní abúlé ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ilé ọmọwé ti rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ilé ìdáná yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá lọ sí ìsinmi ní ọdún yìí, kí ẹ tó bèèrè pé kí a ra nǹkan titun sí pálọ̀, ẹ lọ jókòó nínú ilé ìdáná láti ìgbà tí a dá iná títí di ìgbà tí oúnjẹ jinná. Ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ bi ẹni tí ń dáná léèrè ohun tí ó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ mú ẹfun tàbí ọ̀dà funfun bí ó bá wà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.